Orí Kẹfà: Nígbà Tí Aláìsàn Bá Dàgbà Kúrò ní Klíníìkì Ọmọdé

Àwọn àìsàn kan wà tí ọmọ kì í dàgbà kúrò nínú wọn. Fòníkú-fọ̀ladìde jẹ́ ọ̀kan, àtọ̀gbẹ irú kìíní náà wà níbẹ̀, àti àbùkù ọkàn àbímọ́ni, wárápá, àìsàn kíndìnrín, kòkòrò HIV tí ọmọ kó lára ìyá rẹ̀. Ọmọ tó ní ọ̀kan nínú wọn á pé ọdún mẹ́rìndínlógún tàbí méjìdínlógún lọ́jọ́ kan, ilé ìwòsàn á sì sọ fún un pé kò lè wá sí klíníìkì ọmọdé mọ́. Àìsàn náà kò yí padà lọ́jọ́ yẹn. Dókítà, nọ́ọ̀sì, yàrá, fáìlì, ọjọ́ klíníìkì àti irú ọ̀rọ̀ tí wọ́n ń bá a sọ ló yí padà, gbogbo wọn lẹ́ẹ̀kan náà.

Lọ́dún 1993, ẹgbẹ́ àwọn oníṣègùn tó ń tọ́jú ọ̀dọ́ ní Amẹ́ríkà ṣàlàyé ìrékọjá yìí gẹ́gẹ́ bí ohun tí a mọ̀ọ́mọ̀ ṣe, tí a sì ṣètò sílẹ̀, láti mú ọ̀dọ́ tó ní àìsàn ọlọ́jọ́ pípẹ́ kúrò lábẹ́ ìtọ́jú ọmọdé bọ́ sábẹ́ ìtọ́jú àgbà. Àlàyé náà ṣì dúró títí dòní. Ọjọ́ tí lẹ́tà jáde láti ọ̀dọ̀ dókítà kan lọ sọ́dọ̀ ìkejì kò ju ọjọ́ kan lọ, àmọ́ ìrékọjá fúnra rẹ̀ jẹ́ iṣẹ́ ọ̀pọ̀ ọdún. Ó yẹ kó ti bẹ̀rẹ̀ kí ọmọ tó kọjá ọdún mẹ́rìnlá, kì í sì í parí títí ọ̀dọ́ náà á fi fìdí múlẹ̀ lọ́wọ́ àwọn tó gbà á. Fòníkú-fọ̀ladìde ni orí yìí máa fi ṣàlàyé ọ̀rọ̀ náà jù, nítorí pé kò sí orílẹ̀-èdè tí wọ́n ti ń bí ọmọ tó ní in tó Nàìjíríà, níbi tí wọ́n fojú bù ú pé ọmọ bí 150,000 ń wáyé pẹ̀lú rẹ̀ lọ́dọọdún, àti nítorí pé ara àwọn tó ní in la ti rí ewu ìrékọjá tí a kò ṣètò kedere jù lọ.

Àṣeyọrí ìṣègùn ló bí ìṣòro náà. Nígbà kan, àwọn ọmọ SS, ìyẹn àwọn tó ní fòníkú-fọ̀ladìde, tó ń dàgbà kò pọ̀ tó ohun tí ẹnikẹ́ni ń ṣètò fún. Lọ́dún 1986, ìwádìí kan ní Amẹ́ríkà fi hàn pé tí wọ́n bá ń fún àwọn ọmọ kéékèèké wọ̀nyí ní penicillin lẹ́ẹ̀mejì lójúmọ́, àkóràn tó máa ń tètè pa wọ́n á dínkù ní ìdá 84 nínú ọgọ́rùn-ún. Abẹ́rẹ́ àjẹsára tẹ̀lé e, pẹ̀lú àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ ọmọ tuntun. Nígbà tó di 1998, ìwádìí mìíràn fi yé àwọn oníṣègùn pé ẹ̀rọ tó ń wo bí ẹ̀jẹ̀ ṣe ń sáré nínú iṣan ọpọlọ lè fi ọmọ tí rọpárọsẹ̀ ń bọ̀ wá bá hàn, àti pé fífa ẹ̀jẹ̀ sí i lára déédéé á dín ewu náà kù ní ohun tó lé ní ìdá 90 nínú ọgọ́rùn-ún. Ọdún yẹn náà ni Amẹ́ríkà fọwọ́ sí oògùn hydroxyurea fún àgbàlagbà tó ní àìsàn yìí. Ó di 2017 kí wọ́n tó fọwọ́ sí i fún ọmọdé. Ní Nàìjíríà, Benin àti Togo, ọ̀pọ̀ ọmọ ṣì ń kú kí wọ́n tó pé ọdún márùn-ún, àwọn mìíràn láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni mọ ohun tó ń ṣe wọ́n. Síbẹ̀, àwọn tó ń rù ú là ń pọ̀ sí i, àwọn ni wọ́n sì ń jókòó lórí bẹ́ǹṣì klíníìkì ọmọdé pẹ̀lú irùngbọ̀n àti ọmú.

Ní ìlú Dallas, àwọn oníṣègùn tẹ̀lé ọmọ 940 tí wọ́n ti mọ àìsàn wọn láti ìgbà ìbí. Ìròyìn tí wọ́n tẹ̀ jáde lọ́dún 2010 sọ pé nǹkan bí 94 nínú ọgọ́rùn-ún ló pé ọdún méjìdínlógún. Ìròyìn ayọ̀ ni. Ojú ewé kan náà ló wá gbé èkejì rẹ̀: àwọn tó kú ní àwọn ọdún àìpẹ́ yẹn ti pé ọdún méjìdínlógún tàbí jù bẹ́ẹ̀, púpọ̀ nínú wọn sì kú láìpẹ́ lẹ́yìn tí wọ́n kúrò lọ́dọ̀ àwọn dókítà ọmọdé. Ọdún 2010 yẹn náà ni ìwádìí mìíràn wo ìpínlẹ̀ mẹ́jọ ní Amẹ́ríkà, ó sì rí i pé àwọn ẹni ọdún 18 sí 30 ló ń padà sórí bẹ́ẹ̀dì ilé ìwòsàn jù. Nínú ọgọ́rùn-ún ìgbà tí wọ́n bá dá ọ̀kan nínú wọn dúró, ó lé ní ìgbà ogójì tí ẹni náà ń padà dé láàárín ọgbọ̀n ọjọ́.

Ọ̀rọ̀ náà kì í ṣe ti ẹ̀jẹ̀ nìkan. Ní Toronto, nínú 360 ọ̀dọ́ tó ní àbùkù ọkàn tó le, ìwádìí kan tó jáde lọ́dún 2004 rí i pé ìdá 47 nínú ọgọ́rùn-ún péré ló dé ọ̀dọ̀ dókítà ọkàn àgbà bó ṣe yẹ. Ó lé ní ìdá mẹ́rin wọn tí kò tíì rí dókítà ọkàn kankan láti ìgbà tí wọ́n ti pé ọdún méjìdínlógún. Kánádà sì rèé, níbi tí ẹnikẹ́ni kì í ti í sanwó kó tó rí dókítà. Owó nìkan kọ́ ló ń jẹ́ kí ọmọ sọnù láàárín yàrá méjì.

Ibi tí nǹkan ti ń bàjẹ́

Lọ́dọ̀ àwọn dókítà ọmọdé, nọ́ọ̀sì tó gba ọmọ lọ́wọ́ ìyá rẹ̀ nígbà tó wà lọ́mọ ọdún kan lè ṣì wà níbẹ̀ nígbà tó ń ṣe wáèèkì. Ó mọ ibi tí ìrora rẹ̀ ti máa ń bẹ̀rẹ̀, ó mọ oògùn tí ara rẹ̀ kọ̀, bí wọn kò bá sì rí i fún oṣù méjì, ẹnì kan á pe ìyá rẹ̀ lórí fóònù. Lọ́dọ̀ àwọn dókítà àgbà, ẹsẹ̀ ara rẹ̀ ló máa gbé e wá, ẹnu rẹ̀ ló máa fi sọ ohun tó ń ṣe é. Bí kò bá wá, wọ́n á gbà pé ara rẹ̀ ti yá tàbí pé ó ti gba ibòmíràn lọ. Dókítà ọmọdé kan ló ń wo gbogbo ara ọmọ. Àgbà á lọ sọ́dọ̀ dókítà ẹ̀jẹ̀, dókítà ojú, dókítà eegun, dókítà kíndìnrín, kálukú pẹ̀lú ọjọ́ tirẹ̀ àti káàdì tirẹ̀.

Kíráísìsì, ìrora líle tí fòníkú-fọ̀ladìde máa ń gbé dé, ni ìdánwò tó ń tètè dé. Ọmọ tí gbogbo wọ́ọ̀dù ọmọdé mọ̀ á dé ẹ̀ka pàjáwìrì àgbà ní agogo méjì òru. Ó ń dárúkọ oògùn ìrora líle tó máa ń ràn án lọ́wọ́ àti ìwọ̀n rẹ̀, wọ́n sì ń wò ó bí ẹni tí oògùn ti di bárakú fún. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ìlànà ìtọ́jú orílẹ̀-èdè náà ti sọ láti 2012 pé ẹni tí kíráísìsì gbé dé gbọ́dọ̀ rí oògùn ìrora gbà láàárín ọgbọ̀n ìṣẹ́jú. Ní oṣù kọkànlá 2021, ìròyìn tí àwọn aṣòfin ilẹ̀ náà gbé jáde, tí wọ́n pe àkọlé rẹ̀ ní *No One's Listening*, kó ẹ̀rí jọ pé ọ̀pọ̀ kò rí i gbà, pé àìgbàgbọ́ àti ìwà ẹlẹ́yàmẹ̀yà ń dá kún ìyà wọn. Púpọ̀ nínú àwọn tí ọ̀rọ̀ náà kàn ní Lọ́ńdọ̀nù jẹ́ ọmọ àwọn òbí tó wá láti Nàìjíríà àti Gánà. Ọ̀dọ́ tí ẹ̀ka pàjáwìrì bá fi irú ìyà bẹ́ẹ̀ jẹ lẹ́ẹ̀kan á kẹ́kọ̀ọ́ láti máa fara da ìrora nílé títí á fi pẹ́ jù.

Kò tọ́ kí a di gbogbo ẹ̀bi ru ìrékọjá. Àìsàn náà fúnra rẹ̀ ń le sí i ní àkókò yìí. Eegun orí itan a bẹ̀rẹ̀ sí í kú, kíndìnrín a bẹ̀rẹ̀ sí í jo, egbò a yọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ kókósẹ̀, iṣan tín-ín-tìn-ìn tó wà lẹ́yìn ojú a dí. Ní ti àwọn ọ̀dọ́bìnrin, oyún á wọ inú ọ̀rọ̀. Ohun tí kò yẹ ni pé ìgbà tí ara ń fẹ́ ìṣọ́ jù gan-an ni olùṣọ́ ń yí padà.

Ọ̀kan wà nínú ìpalára wọ̀nyí tó yẹ kí gbogbo ẹni tó ń ṣètò ìrékọjá mọ̀ dájú. Fòníkú-fọ̀ladìde a máa pa ibi kéékèèké nínú ọpọlọ láìsí àmì kankan: ẹsẹ̀ kò rọ, ẹnu kò wọ́. Àwòrán MRI ló ń fi hàn, ó sì ti fi í hàn lára ohun tó ju ìdá kan nínú mẹ́ta àwọn ọmọ SS lọ kí wọ́n tó kọjá ọdún mẹ́rìnlá. Iṣẹ́ tí ìpalára yìí sábà ń dà rú ni ìrántí, àfiyèsí àti ìṣètò. Àwọn wọ̀nyí gan-an ni klíníìkì àgbà ń béèrè lọ́wọ́ aláìsàn: kó rántí ọjọ́, kó ka oògùn, kó mọ ìgbà tí oògùn ń tán, kó to ọ̀rọ̀ rẹ̀ lẹ́sẹẹsẹ fún àjèjì. A tún mọ̀ pé ọpọlọ gbogbo ọ̀dọ́, pẹ̀lú èyí tí ara rẹ̀ dá ṣáṣá, ṣì ń dàgbà títí di àárín ogún ọdún àti ọgbọ̀n. Nítorí náà, bí ọ̀dọ́ kan bá gbàgbé klíníìkì lẹ́ẹ̀mẹta, kí nọ́ọ̀sì má tíì pè é ní aláìbìkítà. Àyẹ̀wò ọpọlọ àti ìránnilétí lórí fóònù ló kàn.

Ìyá, ọmọ àti ẹni tó ń dáhùn

Nínú ọ̀pọ̀ ilé Yorùbá, ìyá ni fáìlì ọmọ. Ó mọ nọ́ńbà káàdì lórí, ó mọ ọdún tí wọ́n fa ẹ̀jẹ̀ sí ọmọ lára kẹ́yìn, ó mọ ìgbà tí ojú ọmọ bá ti ń pọ́n ju bó ṣe máa ń pọ́n lọ. Nígbà tí dókítà bá béèrè pé, “Báwo lara?”, ìyá ló ń dáhùn. Ọmọ tí wọ́n tọ́ pé kì í já lu ọ̀rọ̀ àgbà á dákẹ́. Ìwà ọmọlúàbí ni, ẹnikẹ́ni kò sì gbọ́dọ̀ fi bú u. Ṣùgbọ́n ọmọ ọdún mẹ́tàdínlógún tí kò tíì bá dókítà sọ̀rọ̀ rí á bá ara rẹ̀ lọ́jọ́ kan níwájú dókítà tí kò mọ̀ ọ́n, láìsí ìyá níbẹ̀.

Ọjọ́ yẹn a máa tètè dé ju bí òbí ṣe rò lọ. Ọmọ tó ń gbé pẹ̀lú àwọn òbí rẹ̀ ní Ìkòròdú á rí ilé-ẹ̀kọ́ gíga wọ̀ ní Ilé-Ifẹ̀ tàbí Ìlọrin. Ó di yàrá ènìyàn mẹ́fà, omi pípọn, òtútù òru, ìdánwò tí wọ́n ń fi àìsùn múra sílẹ̀ fún. Gbogbo ìwọ̀nyí ló ń fa kíráísìsì. Ó sì lè fi àìsàn náà pa mọ́ fún àwọn tí wọ́n jọ ń gbé, torí ojú tí àwọn kan fi ń wo SS, tó fi jẹ́ pé nígbà tí ìrora bá dé, kò sẹ́ni tó mọ ibi tí wọ́n máa gbé e lọ. Ìsìnrú ìlú, ìyẹn NYSC, náà ń bọ̀ lẹ́yìn náà. NYSC a máa gbà kí ẹni tí ara rẹ̀ kò le béèrè fún ibi tó sún mọ́ ilé ìwòsàn rẹ̀, àmọ́ ìwé dókítà ni wọ́n máa bi í. Ẹni tí kò ní dókítà àgbà lọ́dún méjì, ta ni yóò kọ ìwé fún un?

Ọ̀rọ̀ ìfẹ́ àti ìgbéyàwó náà wà níbẹ̀. Ṣọ́ọ̀ṣì ń béèrè jínótáìpù, ẹbí ń béèrè. Ọ̀dọ́bìnrin tó ń lo hydroxyurea gbọ́dọ̀ mọ̀ pé ó yẹ kó bá dókítà rẹ̀ sọ̀rọ̀ kó tó lóyún, ọ̀dọ́kùnrin gbọ́dọ̀ mọ̀ pé okó tó le tí kò rọ̀ fún wákàtí mélòó kan jẹ́ ọ̀rọ̀ pàjáwìrì, kì í ṣe ọ̀rọ̀ ìtìjú. Kò sí ọmọ tó máa béèrè irú nǹkan báyìí níwájú ìyá rẹ̀. Ìdí nìyí tí ètò ìrékọjá tó dára fi máa ń bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ìṣẹ́jú díẹ̀ tí dókítà fi dá rí ọmọ láti nǹkan bí ọdún mẹ́tàlá lọ, kí ìyá tó wọlé bá wọn. Ìṣẹ́jú márùn-ún tó fún ìbẹ̀rẹ̀. Tó bá fi máa pé ọdún mẹ́rìndínlógún, ìyá ni yóò máa wọlé fún ìṣẹ́jú márùn-ún.

Bí a ṣe ń ṣètò àtúnṣe

Ilé ìwòsàn tó bá fẹ́ tún ọ̀rọ̀ yìí ṣe kò ní láti kọ́kọ́ wá owó ńlá. Kíkà ni ìbẹ̀rẹ̀. Ọ̀pọ̀ ẹ̀ka ọmọdé ni kò lè sọ iye aláìsàn wọn tó ti pé ọdún méjìlá, ká tó wá sọ iye tó kúrò lọ́dọ̀ wọn lọ́dún tó kọjá àti iye tó dé ibi tí wọ́n rán an lọ. Ìwé rẹ́jístà kan tó. Kó ní orúkọ, ọjọ́ orí, nọ́ńbà fóònù ọ̀dọ́ náà fúnra rẹ̀ yàtọ̀ sí ti òbí, ọdún tí wọ́n retí pé yóò ré kọjá, àti orúkọ dókítà tó máa gbà á. Nígbà tí wọ́n bá kọ ọ́ tán, iṣẹ́ tó wà níwájú á hàn sí gbogbo ojú.

Lẹ́yìn rẹ̀ ni ìlànà tí wọ́n kọ sílẹ̀, tí ẹ̀ka méjèèjì fọwọ́ sí. Ọjọ́ orí tí wọ́n ń ré kọjá yàtọ̀ láti ilé ìwòsàn dé ilé ìwòsàn. Nígbà mìíràn ó yàtọ̀ láàárín ẹ̀ka méjì tó wà nínú ọgbà kan náà, tó fi jẹ́ pé ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún á ti dàgbà jù fún pàjáwìrì ọmọdé, síbẹ̀ klíníìkì àgbà kò ní gbà á. Irú àlàfo bẹ́ẹ̀ kò yẹ kó wà fún ọjọ́ kan. Ìlànà ojú ewé kan, tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ògiri klíníìkì ní Yorùbá àti Gẹ̀ẹ́sì, á jẹ́ kí òbí mọ̀ láti ìgbà tí ọmọ ti wà ní ọdún méjìlá pé ọjọ́ kan ń bọ̀.

Àwọn àpẹẹrẹ tí wọ́n ti lò wà nílẹ̀. Ní Amẹ́ríkà, ètò tí wọ́n ń pè ní Got Transition pín iṣẹ́ náà sí ọ̀nà mẹ́fà: ìlànà, ìwé orúkọ, àyẹ̀wò bóyá ọ̀dọ́ ti múra tán, ètò tí wọ́n kọ, ìfàléni-lọ́wọ́, àti ìdánilójú pé ó dé. Ní Southampton ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, dókítà kíndìnrín ọmọdé kan, Arvind Nagra, bẹ̀rẹ̀ ètò Ready Steady Go, tó ń fún ọ̀dọ́ ní ìwé ìbéèrè mẹ́ta láti nǹkan bí ọdún mọ́kànlá, ọ̀kan lẹ́yìn èkejì bó ṣe ń dàgbà. NICE, àjọ tó ń kọ ìlànà ìtọ́jú fún ilẹ̀ náà, ní tirẹ̀ sọ ní oṣù kejì 2016 pé ètò gbọ́dọ̀ ti bẹ̀rẹ̀ kí ọmọ tó kọjá ọdún mẹ́tàlá tàbí mẹ́rìnlá, pé ó yẹ kí wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò lọ́dọọdún, àti pé ẹnì kan tí a mọ orúkọ rẹ̀ gbọ́dọ̀ wà tó ń rìn pẹ̀lú ọ̀dọ́ náà fún ó kéré tán oṣù mẹ́fà kó tó ré kọjá àti oṣù mẹ́fà lẹ́yìn rẹ̀.

Nínú gbogbo èyí, ẹnì kan tí a mọ orúkọ rẹ̀ ló ṣe kókó jù. Fọ́ọ̀mù kì í pe ènìyàn lórí fóònù. Ní ilé ìwòsàn ìjọba tí dókítà kò tó, tí èyí tó wà sì ń ronú àtirìnrìn-àjò lọ sí òkè òkun, nọ́ọ̀sì tàbí òṣìṣẹ́ ìrànlọ́wọ́ aláìsàn ló dára jù fún iṣẹ́ náà, torí pé òun ló máa ń pẹ́ níbẹ̀. Níbi tí ẹgbẹ́ àwọn tó ní àìsàn náà bá wà, àgbàlagbà kan tí òun náà jẹ́ SS lè wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ nọ́ọ̀sì náà. Sickle Cell Foundation Nigeria tí wọ́n dá sílẹ̀ lọ́dún 1994, tí ilé rẹ̀ wà ní Ìdí-Àràbà ní Èkó, jẹ́ irú ibi tí àwọn ọ̀dọ́ ti lè pàdé ẹni tó ti rìn ín já. Fún ọmọ tí wọ́n ti ń sọ fún láti kékeré pé kò ní pẹ́ láyé, rírí ẹni ọdún márùndínláàádọ́ta tó ní àìsàn kan náà, tó níṣẹ́ tó sì bímọ, ń ṣe ohun tí ọ̀rọ̀ dókítà kò lè ṣe.

Lẹ́tà ìfàléni-lọ́wọ́ yẹ fún àkíyèsí pẹ̀lú. Èyí tó kàn sọ pé “a mọ̀ ọ́n sí SS, ẹ jọ̀ọ́ ẹ máa bá a lọ” kò wúlò. Ẹ̀jẹ̀ ẹni tó jẹ́ SS lè máa dúró sí gíráàmù méje tàbí mẹ́jọ nígbà tí ara rẹ̀ le dáadáa. Dókítà tí kò mọ èyí á sáré fa ẹ̀jẹ̀ tí kò nílò sí i lára. Ẹni tí wọ́n ti ń fa ẹ̀jẹ̀ sí lára láti kékeré lè ti ní èròjà nínú ara tó ń gbógun ti ẹ̀jẹ̀ àwọn ẹlòmíràn. Lẹ́yìn ọdún mélòó kan, àyẹ̀wò lè má rí èròjà náà mọ́, ṣùgbọ́n bí wọ́n bá fún un ní ẹ̀jẹ̀ tí kò bá a mu, ara á rántí, ẹ̀jẹ̀ náà á sì fọ́ dànù. Ìwé àtijọ́ klíníìkì ọmọdé nìkan ni ẹ̀rí tó kù. Nítorí náà, lẹ́tà náà gbọ́dọ̀ ní iye ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ní ọjọ́ tí ara le, ìran ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ àti èròjà tí wọ́n ti rí, àbájáde àyẹ̀wò ọpọlọ tó kẹ́yìn, oògùn àti ìwọ̀n rẹ̀, abẹ́rẹ́ àjẹsára, iṣẹ́ abẹ, ìgbà tí wọ́n wo ojú, eegun ìbàdí àti kíndìnrín kẹ́yìn, àti oògùn ìrora tó ń ṣiṣẹ́ fún un. Kí ọ̀dọ́ náà ní ẹ̀dà tirẹ̀, kí àwòrán rẹ̀ sì wà lórí fóònù rẹ̀, nítorí agogo méjì òru tí a sọ lẹ́ẹ̀kan.

Níbi tí àyè bá wà, àwọn dókítà méjèèjì a jókòó pọ̀ ní klíníìkì kan náà lẹ́ẹ̀kan ní oṣù mẹ́ta, kí ọ̀dọ́ tó ń lọ lè mọ ojú ẹni tó ń gbà á. Níbi tí kò bá sí, kí nọ́ọ̀sì mú un rìn dé klíníìkì àgbà, kó fi ibi tí wọ́n ti ń gba káàdì hàn án, ibi ìsanwó, ibi àyẹ̀wò, ẹnu ọ̀nà pàjáwìrì. Ó dà bí ohun kékeré, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ tí kò wá ni kò mọ ẹnu ọ̀nà tó yẹ kí wọ́n gbà wọlé.

Owó ń béèrè àfiyèsí tirẹ̀. Ní Amẹ́ríkà, òfin ìlera ọdún 2010 gbà kí ọmọ dúró lórí adójútòfò ìlera àwọn òbí rẹ̀ títí di ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n. Ní Nàìjíríà, adójútòfò àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba ń bo òṣìṣẹ́, ọkọ tàbí aya rẹ̀, àti ọmọ mẹ́rin tí kò tíì pé ọdún méjìdínlógún. Ìyẹn ni pé ní ọ̀pọ̀ ilé, ọjọ́ tí ọmọ kúrò ní klíníìkì ọmọdé àti ọjọ́ tó bọ́ kúrò lábẹ́ adójútòfò sún mọ́ ara wọn pẹ́kípẹ́kí. Òfin adójútòfò ìlera (NHIA) ti ọdún 2022 sọ ọ́ di dandan pé kí gbogbo ènìyàn wà lábẹ́ adójútòfò kan, ètò mìíràn sì wà fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ilé-ẹ̀kọ́ gíga, àmọ́ ẹnì kan gbọ́dọ̀ sọ fún ọ̀dọ́ náà, kó sì ràn án lọ́wọ́ láti forúkọ sílẹ̀ kí èyí ti òbí tó parí. Ó yẹ kí ìlà kan wà fún un nínú ìwé ètò ìrékọjá, pẹ̀lú ọjọ́ tó gbọ́dọ̀ ti parí.

Mímọ̀ bóyá àtúnṣe ń ṣiṣẹ́

Ẹ̀rí tó wà nílẹ̀ kò tíì pọ̀ tó. Nígbà tí ẹgbẹ́ Cochrane kó àwọn ìwádìí tó péye lórí ìrékọjá jọ lọ́dún 2016, mẹ́rin péré ni wọ́n rí, tí gbogbo aláìsàn tó wà nínú wọn jẹ́ 238. Èyí tó kọ́ni jù lọ tún wá lẹ́yìn rẹ̀, láti ọ̀dọ̀ àwọn olùwádìí ní Newcastle, tí wọ́n tẹ̀lé ọ̀dọ́ 374 tó ní àtọ̀gbẹ, àìsàn ọpọlọ tó ń mú kí apá àti ẹsẹ̀ má ṣiṣẹ́ dáadáa, tàbí ọ̀tísíìmù pẹ̀lú ìṣòro ìlera ọpọlọ. Nínú gbogbo ohun tí àwọn klíníìkì sọ pé àwọn ń ṣe, mẹ́ta ló bá àbájáde rere rìn: kí òbí kópa ní ìwọ̀n tó tẹ́ ọ̀dọ́ àti òbí lọ́rùn, kí wọ́n mú ọ̀dọ́ ní ìgboyà láti bójú tó ìlera ara rẹ̀, kí ó sì ti pàdé àwọn dókítà àgbà kó tó lọ sọ́dọ̀ wọn. Kò sí ọ̀kan nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tó nílò ẹ̀rọ olówó ńlá. Ó yẹ kí ilé ìwòsàn tí agbára rẹ̀ kò pọ̀ kọ́kọ́ dì wọ́n mú.

Kò bọ́gbọ́n mu láti yí gbogbo nǹkan padà lọ́jọ́ kan. Kí ẹ̀ka náà mú ọ̀dọ́ márùn-ún, kí wọ́n dán lẹ́tà tuntun wò, kí wọ́n béèrè lọ́wọ́ dókítà tó gbà wọ́n bóyá ó rí ohun tó nílò nínú rẹ̀, kí wọ́n tún un kọ, kí wọ́n wá lò ó fún mẹ́wàá. Ohun tí wọ́n máa kà ṣe kedere: nínú àwọn tó kúrò, mélòó ló dé klíníìkì àgbà láàárín oṣù mẹ́ta? Mélòó ló wá lẹ́ẹ̀kejì? Mélòó ló ti bá ẹ̀ka pàjáwìrì pàdé kó tó di pé ó rí dókítà rẹ̀ rárá? Wíwá lẹ́ẹ̀kejì ṣe pàtàkì ju wíwá lẹ́ẹ̀kíní lọ, nítorí pé ẹni tí wọn kò tẹ́wọ́ gbà dáadáa kì í padà wá. Kí wọ́n tún wo ìhà kejì: bí klíníìkì àgbà bá kún jù tí wọ́n ń fi wákàtí mẹ́jọ dúró, rírán ọmọ púpọ̀ lọ síbẹ̀ kì í ṣe àtúnṣe. Àwọn ọ̀dọ́ fúnra wọn gbọ́dọ̀ jókòó nínú ìpàdé tí wọ́n ti ń ṣe ètò náà. Àwọn ló máa sọ pé ọjọ́ klíníìkì bọ́ sí ọjọ́ ìdánwò, tàbí pé orúkọ àìsàn tí wọ́n kọ gàdàgbà sára káàdì ni kò jẹ́ kí àwọn gbé e dání.

Àwọn kan wà tí ètò yìí gbọ́dọ̀ rọ̀ fún. Ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde nínú kíráísìsì ńlá, ẹni tó lóyún, ẹni tí òbí rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ kú, ẹni tó ń ṣe ìdánwò àṣejáde, kò sí ìdí tí wọn kò fi lè sún ọjọ́ rẹ̀ síwájú. Ẹni tí rọpárọsẹ̀ ti ba ọpọlọ rẹ̀ jẹ́ tí kò lè dá pinnu fún ara rẹ̀ nílò ẹbí tí a mọ̀ sí agbẹnusọ rẹ̀, kí wọ́n kọ orúkọ ẹni náà sínú fáìlì kó tó pé ọdún méjìdínlógún. Àwọn tó sọnù náà gbọ́dọ̀ ní ọ̀nà àtipadà: ẹni ọdún mẹ́rìnlélógún tí kò tíì rí dókítà kankan láti ìgbà tó kúrò ní klíníìkì ọmọdé lè padà yọjú síbẹ̀, torí pé ibẹ̀ nìkan ló mọ̀. Kí wọ́n má lé e. Kí nọ́ọ̀sì tó ni rẹ́jístà gbà á, kó wá orúkọ rẹ̀, kó sì mú un lọ sí ìhà kejì lọ́jọ́ náà. Orúkọ kankan kò gbọ́dọ̀ kúrò nínú rẹ́jístà nítorí pé lẹ́tà ti jáde. Ìgbà tí klíníìkì àgbà bá kọ̀wé padà pé àwọn ti rí ọ̀dọ́ náà lẹ́ẹ̀mejì, pẹ̀lú ọjọ́ méjèèjì, ni ẹ̀ka ọmọdé máa tó pa fáìlì rẹ̀ dé.